Nọ́ńbà gbọọrọ inú fáìlì yẹn, àkókò ni: bí ẹ ṣe lè yí i padà

1730417110. Bí ẹ bá bá irú nọ́ńbà yìí pàdé nínú fáìlì, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Date" sí, fáìlì yín kò bàjẹ́. Àkókò ni. Ní Abẹ́òkúta níbí, nọ́ńbà yẹn dúró fún aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú 25 àti ìṣẹ́jú àáyá 10, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 1 oṣù 11 ọdún 2024. Inú ìwé ìṣirò obìnrin kan tó ń ṣe POS nítòsí gáréèjì Kútọ̀ ni mo ti mú un. Arìnrìn-àjò kan tó wọ̀lú lóru ló fi owó ránṣẹ́ sí i láti orí fóònù, ó sì gba káàṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá a yí nọ́ńbà náà padà, ọjọ́ 31 oṣù 10 ló jáde. Owó oṣù kọkànlá bá di ti oṣù kẹwàá, ìṣirò oṣù méjèèjì kọ̀, kò bára mu, ìyá náà sì ti ń fojú burúkú wo ọmọ tó ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Sápọ́n ni èmi ń jókòó sí. Ìṣirò àwọn oníPOS àti ti àwọn ìyá aládìrẹ Ìtòkú ni iṣẹ́ mi. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́múlà, màá bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Kí ni wọ́n ń kà, ṣé ọjọ́ ni, àbí ìṣẹ́jú àáyá, àbí ohun tó kéré sí i? Aago ibo ni wọ́n fi kà á?

Ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe ń ka ọjà ọrún. Ọjọ́ tí ọjà ná gan-an ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kan, wọn a kà á dé àrún, ọjà a tún ná. Ẹni tó bá lọ fi ọjọ́ kejì ṣe ọ̀kan, àná ni ọjà ti tú kó tó gbé ẹrù dé ìsọ̀. Kíkà ni kọ̀ǹpútà náà ń kà, àmọ́ oníkálùkù ló ní ọjọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀. Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí Linux, Android àti ọ̀pọ̀ áàpù ń tẹ̀ lé, bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru tó mú ọjọ́ 1 oṣù 1 ọdún 1970 wọlé, ní aago UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń wọn aago tiwọn), òdo ló sì pe ìbẹ̀rẹ̀ náà. Excel ní tirẹ̀ ṣe bí àwọn àgbà: ọjọ́ 1 oṣù 1 ọdún 1900 ló pè ní 1. Ó tún gbà pé oṣù kejì ọdún 1900 ní ọjọ́ 29, irọ́ gbáà sì ni. Inú Lotus 1-2-3, áàpù ìṣirò tó ṣáájú Excel, ni àṣìṣe náà ti wá, Excel sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí fáìlì àtijọ́ má bàa dàrú. Windows ń kà láti 1601, nítorí ọdún yẹn ni ìyípo 400 ọdún ti kàlẹ́ńdà tí gbogbo wa ń lò bẹ̀rẹ̀. Apple mú 2001.

Ẹ kọ́kọ́ ka iye díjíìtì rẹ̀

Ẹ fi ẹnu bírò tọ nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 10, tí 1 sì ṣáájú, ìṣẹ́jú àáyá Unix ni. Láti ọjọ́ 9 oṣù 9 ọdún 2001 ló ti di díjíìtì 10, ó di ọdún 2286 kó tó di 11, nítorí náà òfin díjíìtì 10 yìí yóò bá yín dalẹ́, bí 1 iwájú tilẹ̀ máa di 2 ní ọdún 2033.

Bí ó bá jẹ́ 13, Unix náà ni, àmọ́ wọ́n ti gé ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún: 1730417110000. Ẹ ṣí àwọn àwòrán orí fóònù Android yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ díjíìtì 13 péré. Ìgbà tí wọ́n tọ́jú àwòrán náà nìyẹn. Java àti JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ń kà báyìí, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú fáìlì tó ń jáde láti inú áàpù owó. Bí ó bá jẹ́ 16, wọ́n gé e sí ọ̀nà mílíọ̀nù. Bí Firefox ṣe ń kọ àkókò tí ẹ ṣí ojú-ewé kan sílẹ̀ nìyẹn. Chrome náà ń gé e sí ọ̀nà mílíọ̀nù, àmọ́ láti 1601 ló ti ń kà, tirẹ̀ sì ń jẹ́ díjíìtì 17 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13: 13374890710000000.

Díjíìtì 18 ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Bí 13 bá ṣáájú, Windows ni, tó gé ìṣẹ́jú àáyá sí ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá: 133748907100000000. Bí 63 bá ṣáájú, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi .NET kọ ni, ọdún 1 pátápátá ni ìyẹn sì ti ń kà bọ̀. Díjíìtì 9 láti inú iPhone, tí 7 tàbí 8 ṣáájú, ti Apple ni: 752109910. Bí ẹ bá sì rí 45597.01748, Excel ni. Ohun tó wà níwájú àmì (.) ni iye ọjọ́, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdá ọjọ́ náà tó ti kọjá.

Gbogbo àwọn nọ́ńbà tí mo kọ sókè yìí, ìṣẹ́jú àáyá kan náà ni, òru ọjọ́ Ẹtì yẹn ní Kútọ̀. Ẹ lè fi dán fọ́múlà yín wò.

Fọ́múlà

Bí nọ́ńbà díjíìtì 10 bá wà nínú A2 (àpótí ìlà kejì ní òpó A), yálà nínú Excel tàbí LibreOffice:

=A2/86400+DATE(1970,1,1)+1/24

86400 ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan. DATE ni ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. 1/24 ìkẹyìn ni wákàtí kan tí Nàìjíríà fi ṣáájú UTC. Wákàtí kan yìí kò yí padà, òjò ì báà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ì báà mú, nítorí a kì í sún aago síwájú sẹ́yìn bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ mú Custom, kí ẹ sì kọ yyyy-mm-dd hh:mm:ss síbẹ̀. Ohun tó yẹ kó jáde ni 2024-11-01 00:25:10. Bí ẹ bá gbàgbé 1/24, 2024-10-31 23:25:10 ni yóò jáde. Ohun tó gbé owó ìyá Kútọ̀ lọ sínú oṣù kẹwàá kò ju ìyẹn lọ.

Fún díjíìtì 13, ẹ fi 86400000 pín in. Fún 16, ẹ fi 86400000000. Ti Chrome, a óò yọ ọjọ́ 134774 tó wà láàárín 1601 àti 1970 kúrò:

=A2/86400000000-134774+DATE(1970,1,1)+1/24

Ti Windows jọ ọ́, òdo kan ló kù láti fi kún ohun tí a fi ń pín. Ti Apple:

=A2/86400+DATE(2001,1,1)+1/24

Ẹ óò rí i tí àwọn mìíràn ń kọ 25569 dípò DATE(1970,1,1). Ọ̀kan náà ni, nítorí 25569 ni Excel ń pe ọjọ́ yẹn. Èmi kì í lò ó. Àwọn fáìlì Excel kan tí wọ́n ṣe lórí Mac látijọ́ ń ka ọjọ́ láti 1904, ọjọ́ 1462 ló sì wà láàárín kíkà méjèèjì. Bí ẹ bá lo 25569 nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjọ́ yóò fò síwájú ní ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan. DATE mọ irú fáìlì tó wà nínú rẹ̀, kò ní ṣì yín lọ́nà.

Ẹni tó bá ń lo Google Sheets ní ọ̀nà tó kúrú: =EPOCHTODATE(A2,1)+1/24. Ẹ fi 2 sí ipò 1 bó bá jẹ́ díjíìtì 13, ẹ fi 3 bó bá jẹ́ 16. UTC ló ń mú jáde, nítorí náà ẹ má yọ 1/24.

1.73E+12

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Bí ẹ bá tẹ fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ya òpó rẹ̀ sọ́tọ̀) lẹ́ẹ̀mejì tí Excel ṣí i, díjíìtì 13 yóò fara hàn bí 1.73E+12. Nọ́ńbà náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ àpótí náà, ẹ óò rí i lódindi lókè. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá tẹ Save báyìí, tí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní CSV, ohun tó hàn lójú ni Excel yóò kọ sínú fáìlì. Gbogbo ìlà tó wà nínú òpó náà yóò di 1.73E+12, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Mo ti rí fáìlì oṣù mẹ́ta tó rí bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ọjà rẹ̀ wáyé ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ẹ má tẹ CSV lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí Excel lófìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ mú From Text/CSV, ẹ sọ òpó àkókò náà di Text kí ó tó wọlé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣírò, ẹ kọ VALUE(A2) níbi tí mo kọ A2 sí. Ẹ tọ́jú òpó àtilẹ̀bá bó ṣe wá, kí èsì wà nínú òpó mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ kí fáìlì lè mọ́ tónítóní, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Díjíìtì 15 péré ni Excel lè dì mú nínú nọ́ńbà kan. Àwọn tó kù á di òdo. Fún àkókò Chrome tàbí Windows, èyí kò pa wá lára, ohun tó kéré ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ fíìfíì ni yóò sọnù. Fún session ID tí báńkì ń fúnni nígbà tí a bá fi owó ránṣẹ́, ìparun ni, nítorí díjíìtì 30 ni. Text ni kí òun náà jẹ́.

Session ID gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Mo fẹ́ràn session ID yìí púpọ̀. Ẹ wo bí ó ṣe rí. Òdo ni mo fi bo ti báńkì, ìparí rẹ̀ sì jẹ́ àdábọwọ́ mi:

000000241101002504123456789012

Díjíìtì mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí báńkì tó fi owó ránṣẹ́. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni 241101002504: ọdún 24, oṣù 11, ọjọ́ 01, aago 00:25:04. Aago tiwa níbí ni, kò sí UTC níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú ìlà kan tí session ID rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi =MID(B2,7,12) yọ àárín rẹ̀ jáde, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò tí fọ́múlà yín mú wá. Níhìn-ín, 00:25:04 àti 00:25:10. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kì í ṣe ìjà. Ká ní wákàtí kan gbáko ló wà láàárín wọn ni, 1/24 yín kò sí níbi tó yẹ, tàbí ẹ fi í lẹ́ẹ̀mejì, nítorí áàpù náà ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di aago Nàìjíríà kó tó kó o jáde.

Níbi tí kò bá sí session ID, rìsíìtì á ṣe é. Ẹni tó ra ìdì àdìrẹ kan ní ìrọ̀lẹ́, tí rìsíìtì rẹ̀ sì kọ 16:20, òun ni ẹlẹ́rìí yín. Èmi kì í yí òpó kan padà tán láìní ìlà kan tí mo mọ òtítọ́ rẹ̀ láti ibòmíràn.

Z, àti ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tó dá ọjọ́ sí oṣù

Àwọn áàpù kan kì í fi nọ́ńbà hàn, wọ́n á kọ 2024-10-31T23:25:10Z. Z ìkẹyìn yẹn ń wí pé UTC ni. Bí ẹ bá rí +01:00 dípò rẹ̀, aago tiwa ni, ẹ má fi ohunkóhun kún un. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí. Excel kì í sábà mọ ohun tí yóò fi T àti Z ṣe, nítorí náà:

=DATEVALUE(LEFT(A2,10))+TIMEVALUE(MID(A2,12,8))+1/24

01/11/2024 ló burú jù nínú gbogbo wọn. Àwa ka á sí ọjọ́ 1 oṣù 11. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà ka á sí ọjọ́ 11 oṣù 1, kò sì ní kígbe. Àmì rẹ̀ wà lójú òpó náà: ẹ wò ó bóyá àwọn ọjọ́ kan fara ti ọ̀tún, tí àwọn mìíràn fara ti òsì. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún, Excel ti gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, ó sì ti yí oṣù wọn pẹ̀lú ọjọ́. Àwọn tó wà lápá òsì jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, nítorí pé 13/11/2024 kò lè jẹ́ oṣù kẹtàlá. Ẹ má tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ padà sí fáìlì àtilẹ̀bá, ẹ gbà á wọlé látọ̀tun, kí ẹ sì sọ fún Excel pé DMY ni, ìyẹn ọjọ́, oṣù, ọdún.

Ohun tí àṣìṣe fi ń jọ

Bí gbogbo ọjọ́ bá bọ́ sí oṣù kìíní ọdún 1970, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ 21, ìṣẹ́jú àáyá ni ẹ ní, àmọ́ ẹ fi ohun tó yẹ díjíìtì 13 pín in. Bí ó bá jẹ́ #####, ẹ kọ́kọ́ fẹ òpó náà. Bí kò bá lọ, ẹ̀yin ni ẹ kò tíì pín díjíìtì 13 tó, ọdún tó jáde sì ti ré kọjá 9999 tí Excel mọ̀. Bí ó bá padà sẹ́yìn ní ọdún 31 géérégé, nọ́ńbà Apple ni ẹ kà láti 1970. Aago kan òru gééré ní ọjọ́ 1 oṣù 1 ọdún 1970 kì í ṣe àkókò kankan: òdo ni, tí wọ́n fi wákàtí kan wa kún. Ẹni tó kọ áàpù náà kò rí nǹkan kọ síbẹ̀ ni.

Ìyàtọ̀ kan wà fún àwọn tó ń kọ ìtàn Ẹ̀gbá sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta jáde ní 1859, Excel kò sì mọ ọjọ́ kankan tó ṣáájú 1900. LibreOffice mọ̀ ọ́n. Ní Unix, nọ́ńbà rẹ̀ yóò ní àmì ìyọkúrò níwájú. Ẹ má sì fi 1/24 kún irú àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni aago wa tó di wákàtí kan sí UTC. Ẹ kọ ọ́ ní 1859-12-03 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ óò ṣì lè tò wọ́n tẹ̀ léra wọn.

Láti ọjọ́ padà sí nọ́ńbà

=ROUND((A2-1/24-DATE(1970,1,1))*86400,0)

ROUND ṣe pàtàkì, nítorí ìdá ọjọ́ kì í pé pérépéré nínú Excel, ìṣẹ́jú àáyá kan sì lè bọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú gbogbo owó oṣù kọkànlá 2024 jáde láti inú àkójọ kan, ohun tí ẹ máa wá ni nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ láti 1730415600, tí kò sì dé 1733007600. Aago méjìlá òru tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù 11 àti ti oṣù 12 nìyẹn.

Lórí Linux, ìlà kan tó:

TZ=Africa/Lagos date -d @1730417110

Lórí Mac, date -r 1730417110 ni, láìsí @. Nínú PowerShell ti Windows:

[DateTimeOffset]::FromUnixTimeSeconds(1730417110).ToLocalTime()

Fún díjíìtì 18 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13, ẹ lo [DateTime]::FromFileTime(133748907100000000). Bí ẹ bá ń yan agbègbè aago lórí Linux, Africa/Lagos ni kí ẹ mú. Etc/GMT+1 tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Wọ́n yí àmì rẹ̀ sódì, ẹ̀yìn UTC ló wà.

Bí aago ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ti ṣìnà

Fọ́múlà kò lè gba DVR, ẹ̀rọ tó ń gba fídíò kámẹ́rà sílẹ̀, tí iná ti pa aago rẹ̀. Ní Ìtòkú, mo bá ẹ̀rọ kámẹ́rà kan tó ń pe ara rẹ̀ ní 2000-01-03 04:10:00 ní ọ̀sán gangan. Ẹ má tíì tún aago náà ṣe. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán aago méjèèjì pa pọ̀. Ẹ kọ ti fóònù sí D1 nínú Excel, ti DVR sí D2, kí E1 jẹ́ =D1-D2. Àkókò tòótọ́ ti ìlà kọ̀ọ̀kan ni =A2+$E$1.

Èyí máa ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó gbà sílẹ̀ láti ìgbà tí iná ti lọ kẹ́yìn nìkan. Ẹ wá ibi tí aago rẹ̀ ti padà sí 2000-01-01. Ohun tó wà ṣáájú ibẹ̀ nílò ìyàtọ̀ tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí fún un, bóyá rìsíìtì ẹni tó hàn nínú fídíò náà níbi tó ti ń sanwó. Nígbà tí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀ jáde tán ni kí ẹ tó pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀, kí ẹ to agbègbè aago sí GMT+1 (àmì ti DVR kò yí sódì bíi ti Linux), kí ẹ sì tan NTP, tó ń gba aago tòótọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé ibẹ̀.